Ògiri gígún, bíríkì títẹ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù: èwo ló bá ilẹ̀ Okun mu?

Ọ̀pọ̀ àwòrán ilé alámọ̀ tí àwọn ará wa ní ìlú òyìnbó ń fi ránṣẹ́ sílé, ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti yà á. Ògiri náà nípọn, ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ obì tò léra wọn nínú rẹ̀, kò sí ọ̀dà, kò sí pílásítà, síbẹ̀ ó ń dán. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ irú rẹ̀ sí ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, sí Kàbbà, sí Mọ̀pà, sí Ìsánlú. Ìfẹ́ náà dára, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tó ń ba owó jẹ́ ni kéèyàn kó ìlànà tí wọ́n fi ń bá yìnyín jà wá síbi tó jẹ́ pé oòrùn àti ìjì òjò ló ń bá ilé jà.

Ọ̀nà mẹ́ta la fẹ́ fi wé ara wọn. Èkíní ni ògiri gígún: ilẹ̀ tí kò tutù jù, tí a dà sáàárín pákó méjì tó dúró ṣinṣin, tí a fi rámà, ohun wíwúwo tí a fi ń gún ilẹ̀, gún ní ipele-ipele títí yóò fi le bí òkúta. Èkejì ni bíríkì títẹ̀: ilẹ̀ pupa tí a sẹ́, tí a po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́, tí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀. Ẹ̀kẹta ni búlọ́ọ̀kù tí gbogbo wa mọ̀.

Ẹ má ṣe ka ògiri gígún sí ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa o. Amọ̀ tó rọ̀ ni wọ́n fi ń mọ tiwọn, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mọ ọ́n dé orúnkún, wọ́n á dúró kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Omi inú rẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sán bó bá ń gbẹ. Ilẹ̀ gígún kò tutù ju ilẹ̀ oko lọ lọ́jọ́ kejì òjò. Rámà ló ń mú un le, kì í ṣe oòrùn.

Ilẹ̀ òtútù àti ilẹ̀ wa

Ní Osoyoos, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ògiri gígún kan wà ní ibùdó àṣà Nk'Mip tí wọ́n parí ní 2006. Ó gùn ní mítà 80, ó ga ní mítà 5.5, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 60, fóòmù ló sì wà láàárín rẹ̀. Ìdí fóòmù yẹn ni pé ilẹ̀ kì í ṣe aṣọ òtútù. Ògiri ilẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ń jẹ́ kí ooru kọjá. Ó kàn ń dá a dúró lọ́nà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni. Níbi tí òtútù ti ń mú tọ̀sán-tòru fún oṣù gbáko, ìdádúró yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ooru tí wọ́n fowó dá á bá ògiri jáde. Wàhálà kejì ni yìnyín. Omi tó bá wọ ojú ògiri á dì, á fẹ̀, á sì bó ojú ògiri ní èèpo-èèpo. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ kọ́lékọ́lé wọn fi ń po sìmẹ́ńtì márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ilẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn. Martin Rauch, kọ́lékọ́lé tó ń fi ilẹ̀ gún ilé, kọ́ ilé tirẹ̀ sí Schlins ní Ọ́síríà, wọ́n parí rẹ̀ ní 2008, kò fi sìmẹ́ńtì sí ògiri gígún rẹ̀. Bíríkì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi iná sun ló tò sí ara ògiri ní ìlà-ìlà, wọ́n yọ síta díẹ̀, kí omi òjò má bàa rí ọ̀nà sáré lára ògiri. Ní Weilburg, ní Jámánì, ilé alájà mẹ́fà kan tí wọ́n fi ilẹ̀ gún láti ọ̀rúndún 19 ṣì dúró. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ògiri gígún kò lè dúró láìsí sìmẹ́ńtì, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí sìmẹ́ńtì náà ṣe.

Níhìn-ín, ọyẹ́ kì í bá wa sùn kó tún bá wa jẹun ọ̀sán. Òru lè tutù dé nǹkan bíi ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ọ̀sán ọjọ́ kan náà tó 33. Ìyàtọ̀ òru àti ọ̀sán yìí gan-an ni ògiri tó nípọn mọ̀ ọ́n lò. Ẹ má ra fóòmù kankan sáàárín ògiri ní ilẹ̀ Okun, ẹ fowó náà ra sílìn. Abẹ́ páànù tí kò ní sílìn, kò sí ògiri tó lè gbà yín lọ́wọ́ ooru oṣù Kẹta.

Ẹ ṣe ìṣirò wákàtí náà kí ẹ tó pín yàrá. Oòrùn agogo mẹ́ta ọ̀sán tó bá ògiri ìwọ̀-oòrùn á dé inú yàrá láàárín agogo mọ́kànlá òru sí agogo kan. Lásìkò ọyẹ́, ìtura ni. Ní oṣù Kẹta, ìyà ni. Ẹ fi ìkẹ́rùsí àti ilé ìwẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, kí yàrá ìsùn wà ní ìlà-oòrùn, kí ògiri gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Búlọ́ọ̀kù onínáìnì ínṣì tó ní ihò nínú kì í dá ooru dúró tó bẹ́ẹ̀, bíríkì títẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 14 pẹ̀lú kò tó o. Ní ti ìtutù inú ilé, ògiri gígún ló borí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Sìmẹ́ńtì: ẹ bá wa ṣírò

Ẹ jẹ́ ká mú ilé pẹlẹbẹ kan tí ògiri ìta rẹ̀ jẹ́ mítà 40 láyìíká, tó ga ní mítà 2.7. Tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó ku nǹkan bíi 90 mítà níbùú-lóròó. A ò ka ìpìlẹ̀, líńtẹ́ẹ̀lì àti bíìmù òkè mọ́ ọn, nítorí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nílò wọn. Bíríkì tí a fi ṣírò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29 sí 14 sí 9, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ CINVA-Ram ń tẹ̀, èyí tí Raúl Ramírez ṣe ní Kòlóńbíà láàárín àwọn ọdún 1950. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50.

| | Gígún, sẹ̀ǹtímítà 30 | Bíríkì títẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 14 | Búlọ́ọ̀kù, ínṣì 9 |
|---|---|---|---|
| Ohun tí ẹ máa kó jọ | ilẹ̀ mítà kúbíkì 40 kí a tó gún un | bíríkì 3,200 | búlọ́ọ̀kù 900 |
| Àpò sìmẹ́ńtì nínú ògiri | 0, tàbí 65 bí ẹ bá po 6% | 26 | 30 |
| Àpò fún mọ́tà | 0 | 9 | 16 |
| Àpò fún pílásítà ojú méjèèjì | 0 | 0 | 14 |
| Àpapọ̀ | 0 tàbí 65 | 35 | 60 |

Ẹ wo 65 yẹn dáadáa. Ògiri tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 30 wúwo. Mítà kan níbùú-lóròó rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 600. Mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ kílò 36, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò kan. Ẹni tó gún ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì bíi ti àwọn ará Kánádà ti lo sìmẹ́ńtì ju ẹni tó fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé lọ, ó sì tún ti sanwó àwọn tó gún un. Ibi tí ìlànà ilẹ̀ òtútù ti ń jẹ owó wa nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ gún, ẹ gún un láìfi sìmẹ́ńtì sí i, kí ẹ fi ìpìlẹ̀ gíga àti etí òrùlé gígùn dáàbò bò ó. Ìpele tó sún mọ́ ìpìlẹ̀ nìkan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 àkọ́kọ́, ni sìmẹ́ńtì yẹ fún. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọkàn yín kò ní balẹ̀ láìsí sìmẹ́ńtì, ẹ tẹ bíríkì.

Ní ti búlọ́ọ̀kù, 30 láti inú àpò kan la fi ṣírò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn kan ń tẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha tí iyanrìn rẹ̀ ń dà bí ìyẹ̀fun, tí igun rẹ̀ ń fọ́ bí ẹ bá fọwọ́ fún un, kò yàtọ̀ sí amọ̀ tí wọn ò gún. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ilé ilẹ̀ tó wá lọ ra irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò nínú ohun tó ń bẹ̀rù.

Ilẹ̀ wo lẹ ní?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ohun tí a ti ń sọ, nítorí òun ló ń yàn fún yín. Ẹ ṣí ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30, títí gbòǹgbò kò fi ní sí nínú èyí tí ẹ ń wà. Gbòǹgbò àti ìràwé máa ń jẹrà, wọ́n ń fi ihò sílẹ̀ nínú ògiri, wọn kì í sì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì di.

Ẹ bu ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ẹ bu omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ tún un gbọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tààrá àti iyanrìn á wà nísàlẹ̀, ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú á wà láàárín, amọ̀ á wà lókè. Bí gbogbo rẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, ohun tí ògiri gígún ń fẹ́ ni kí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 6 sí 7, kí amọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.5 sí 2.5. Yangí tó ti rọ̀, tó ní tààrá wẹ́wẹ́ nínú, máa ń sún mọ́ ìwọ̀n yìí. Bíríkì títẹ̀ kò fẹ́ tààrá ńlá. Ẹ sẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lójú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ.

Ilẹ̀ òkìtì ọ̀gán dùn ún mọ, ṣùgbọ́n amọ̀ rẹ̀ pọ̀. Tí ẹ bá lò ó ní òun nìkan, ògiri á sán. Ẹ fi iyanrìn odò là á. Ilẹ̀ dúdú àkùrọ̀ tó ń là lẹ́ẹ̀rùn, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ẹ̀yin tó wà ní ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ sí Ìsánlú, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta olówó iyebíye, ẹ ṣọ́ra fún máíkà, èèpo òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán. Ẹ gbé ilẹ̀ sójú oòrùn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Bí ọwọ́ yín bá ń dán bí ìpẹ́ ẹja, máíkà inú rẹ̀ pọ̀. Rámà á máa ta padà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń gún tìmùtìmù, nítorí máíkà máa ń rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rámà, ó sì tún ń dìde. Kò ní le láé. Ẹ wá ilẹ̀ mìíràn tàbí kí ẹ lo búlọ́ọ̀kù.

Fún bíríkì, ẹ kan àpótí pákó tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 4, tó jìn ní 4. Ẹ fi epo pa inú rẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ tó tutù dáadáa kún un, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ wọn àlàfo tó ṣẹ́ kù. Bí àlàfo náà kò bá tó mílímítà 12, sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí ilẹ̀ ìwọ̀n 18 ti tó. Láti 12 dé 24, kan sí 16. Láti 25 dé 39, kan sí 14. Láti 40 dé 50, kan sí 12. Bó bá ju 50 lọ, ẹ fi iyanrìn là á kí ẹ tún un dán wò.

Òjò

Ìjì òjò wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń já wá. Ẹ wo ilé alámọ̀ àtijọ́ èyíkéyìí tó ti ń wó ní abúlé yín: ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tọ́ sí ògiri gígún, apá ìlà-oòrùn ni kó kọ́kọ́ lọ. Bí owó bá kù, kí ìwọ̀-oòrùn náà ní tirẹ̀ nítorí oòrùn. Etí páànù kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 90. Ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù tí a fi kankéré kún inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ sókè ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 45, nítorí omi tó já láti orí páànù máa ń ta sókè, ó sì ń jẹ ìdí ògiri bí eku. Ẹ tẹ́ dípísí, náílọ́ọ̀nù tí kì í jẹ́ kí omi gòkè, lé ìpìlẹ̀ kí ẹ tó gbé ilẹ̀ lé e. Bíríkì títẹ̀ lè fara da etí páànù 60, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ lè fara da èyí tó kéré sí i.

Àṣìṣe kan wà tó ń bà wá nínú jẹ́ níbi gbogbo, kò sì yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri ilẹ̀ tí kò ní sìmẹ́ńtì nínú. Ilẹ̀ máa ń fẹ̀ bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, ó sì ń sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í bá a rìn. Láàárín ọdún díẹ̀ á sán, omi á gba ibi tó sán wọlé, kò ní rọ́nà jáde, ìdí ògiri á máa rà lábẹ́ pílásítà tó dà bíi pé ó le. Lọ́jọ́ kan á bó lulẹ̀ pátápátá. Amọ̀, iyanrìn àti ẹbọ́tọ ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ fi láìmù kùn ún. Bó bá jẹ lójú kan, ẹ wọ́n omi síbẹ̀ kí ẹ tún un rẹ́.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀

Ògiri gígún ń fẹ́ káfíńtà gidi. Pílàìwúùdù tó nípọn ní mílímítà 18, tí igi ínṣì 2 sí ínṣì 4 tì lẹ́yìn, tí bóòtì gígùn so ojú méjèèjì pọ̀. Bí pákó bá wú síta, ògiri á lóyún, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹ kan igi onígun mẹ́ta sí igun inú pákó kí etí ògiri má ṣe mú bí ọ̀bẹ, nítorí etí tó mú ló máa ń kọ́kọ́ fọ́.

Omi inú ilẹ̀ náà ni ẹ̀mí iṣẹ́. Ẹ bu ilẹ̀ tí ẹ ti pò, ẹ fún un ní ọwọ́ títí yóò fi ṣù bí ọsàn, ẹ na apá síwájú ní ọ̀gangan èjìká, ẹ jẹ́ kó já bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó pé. Bó bá túká bíi gààrí, omi kò tó. Bó bá balẹ̀ pẹ̀ẹ̀ bí ẹ̀bà, omi ti pọ̀jù. Ẹ da ipele tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi rámà oníkílò 6 sí 8 gún un títí yóò fi wá sí nǹkan bíi 10. Etí yín ló máa sọ ìgbà tó tó. Níbẹ̀rẹ̀ rámà ń dún gbì, gbì. Bí ilẹ̀ bá ti kì tán, ohùn rẹ̀ á yí padà, á dún kán-án bí ẹni lu odó òfìfo. Ògiri tó ga ní mítà 2.7 ní irú ipele bẹ́ẹ̀ 27, ọ̀sán ọjọ́ kẹta sì ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ máa ń rọ̀, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da ipele tó nípọn jù. Ipele bẹ́ẹ̀ le lójú, ó rọ̀ nídìí. Ẹ dúró tì wọ́n.

Páìpù iná gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ẹ tó gún. Lẹ́yìn náà kò sí gbígbẹ́. Fèrèsé kò gbọdọ̀ sún mọ́ igun ju mítà kan lọ, kí líńtẹ́ẹ̀lì sì jókòó ní sẹ̀ǹtímítà 30 sórí ògiri lápá kọ̀ọ̀kan. Bíríkì àti búlọ́ọ̀kù gbà yín láyè láti gbẹ́, láti yí èrò padà. Ilé ìwẹ̀ àti ògiri tí sínkì máa kọ́, búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ fi ṣe é, ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn fún ìyókù.

Àkókò náà yàtọ̀. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta la lè gún ilẹ̀ láìsí pé òjò bà á jẹ́. Bíríkì náà fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: ó ń fa omi inú bíríkì kí sìmẹ́ńtì tó di. Bíríkì tí ẹ tẹ̀ láàárọ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á funfun ní ìrọ̀lẹ́, á sì máa yìnrìn títí ayé. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, ẹ má kọ́ ọ títí yóò fi pé ọjọ́ 28. Èyí tí ẹ bá pò, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán láàárín wákàtí kan. Níbi tí kànga ti ń gbẹ láti oṣù Kejì, ẹ gbé omi yìí yẹ̀wò kí ẹ tó yan bíríkì.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ilẹ̀ yín bá ní tààrá, tí máíkà kò sí nínú rẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín tàbí ẹni tí ẹ fọkàn tán máa wà níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ gún un láìfi sìmẹ́ńtì sí i. Kò sí ilé tó tura tó o. Bó bá jẹ́ pé ìlú òyìnbó lẹ wà tí ẹ ń fi fóònù ṣọ́ iṣẹ́, ẹ má gún un. Fóònù kì í gbọ́ ohùn rámà. Bíríkì títẹ̀ ló yẹ yín, nítorí ẹ lè ní kí wọ́n kó ogún nínú rẹ̀ jáde, kí wọ́n rì wọ́n sómi di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fojú ara yín rí i lórí fídíò bóyá wọ́n rà. NBRRI pàápàá, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, ti ṣe ẹ̀rọ bíríkì tó ń wọnú ara wọn, èyí tó ń dín mọ́tà kù. Èrò tiwa ni pé èyí ló bá ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Okun mu. Búlọ́ọ̀kù wà fún ojú ilẹ̀ tó kéré, níbi tí ògiri tó nípọn máa gba yàrá lọ́wọ́ yín, àti fún ibi tí etí páànù kò ti ráyè gùn.

Kí ẹ tó san owó ilẹ̀ típà kankan, ẹ gún ògiri kékeré kan sẹ́yìnkùlé ní oṣù Kẹta: kó gùn ní mítà kan, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, kó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, kí páànù kan bo orí rẹ̀, kí ojú rẹ̀ kan kọjú sí ìlà-oòrùn láìsí ohun tó dí i. Ẹ fi sílẹ̀ kó gba òjò ọdún yẹn. Ní oṣù Kẹwàá, ẹ fi rúlà wọn bí ojú ìlà-oòrùn ti jẹ wọlé tó. Bí kò bá ju mílímítà díẹ̀ lọ, tí tààrá rẹ̀ kàn yọ síta tó sì dì mú, ẹ pe káfíńtà kó wá kan pákó. Bó bá jẹ tó ìka kan, ẹ wá ẹ̀rọ bíríkì.